Mọ́tò Kékeré Wo Ni Ká So Mọ́ Ẹ̀yìn Mọ́tò-ilé?

Àwọn kan nínú yín ló béèrè ọ̀rọ̀ tòní: bí ènìyàn bá ní mọ́tò-ilé, èyí tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, irú mọ́tò kékeré wo tó lè wọ ẹrọ̀fọ̀ ló yẹ kó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀?

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò le. Bí ẹ bá ti gbé mọ́tò-ilé dé Wales tàbí Scotland, tí ẹ ti tẹ́ ibùsùn, ẹ ò ní fẹ́ máa gbé odindi ilé lọ ra búrẹ́dì. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, òkúta àti ẹrẹ̀ sì pọ̀ lẹ́bàá àwọn òkè. Mọ́tò kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń gba agbára, ìyẹn 4x4, á gbé yín dé ibi tí ilé ò lè dé.

Nílé ní Nàìjíríà, okùn ni wọ́n sábà máa fi ń fa mọ́tò tó bá kú sọ́nà, ẹnìkan á sì jókòó sínú rẹ̀ láti máa tẹ bíréékì. Ẹ gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Níbí, mọ́tò tí ẹ bá fi irin onígun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní A-frame so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò mìíràn ti di tirélà lójú ìjọba. Kì í ṣe tirélà akẹ́rù ọ̀nà Ìbàdàn ni mò ń wí o. Ohun tí mọ́tò ń wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀ ni. Gbogbo òfin tirélà ló sì dé bá a.

Ìwọ̀n ló kọ́kọ́ yẹ ká mọ̀. Ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, a kì í wọn oògùn kí a tó wọn ọmọ. Ẹ wo àwo irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò-ilé yín. Nọ́ńbà mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tí mọ́tò-ilé fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Èkejì ni ìwọ̀n tí òun àti ohun tó ń fà, lápapọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá. Méjì tó kù jẹ́ ti ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 3,500 kílò, èkejì jẹ́ 4,750. Ẹ yọ ọ́, ó ku 1,250. Bí mọ́tò-ilé yín bá kún dé ẹnu, 1,250 yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ lè fà. Irin tí ẹ ó so mọ́tò mọ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí tó bá kéré jù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì fojú wọn ẹrù. Lítà omi 100 nìkan ti jẹ́ 100 kílò, a ò tíì ka gáàsì, kúlà àti àpò ìrẹsì. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ó wá ku mọ́tò kékeré. Suzuki Jimny ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èyí tó jáde ní 2018 wúwo tó bíi 1,135 kílò, ó ní jíà kékeré fún òkè àti ẹrẹ̀, ó sì le bí òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ ka sìítì inú rẹ̀: ní 2021, èyí tí wọ́n tà ní UK di ti akẹ́rù, sìítì méjì péré. Ìdílé ọlọ́mọ mẹ́ta ò lè wọ̀ ọ́. Fiat Panda 4x4 lé díẹ̀ ní 1,000 kílò. Suzuki Ignis 4x4 kò tó 1,000. Àwọn méjèèjì yìí ò ní jíà kékeré yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n tó fún ọ̀nà oko àti pápá tí òjò ti rọ̀ sí. Dacia Duster 4x4 dára, àmọ́ ó lé ní 1,250 wa yẹn.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ o. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń yí nílẹ̀ tí ẹ́ńjìnì sì ti kú, àwọn irin inú jíà ṣì ń yí, epo lè má dé ibi tó yẹ. Ìwé tó bá mọ́tò wá ni kí ẹ kà kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. Lórí 4x4, ẹ má gbé táyà méjì sókè kí méjì máa yí nílẹ̀, àfi tí ìwé bá gbà bẹ́ẹ̀, torí ó lè ba jíà jẹ́. Bí ìwé bá ní ẹ má fà á rárá, orí tirélà gidi ló máa jókòó sí. Ká ní tirélà náà jẹ́ 300 kílò: Panda á kọjá 1,250, Ignis nìkan ló máa ráyè.

Bíréékì wá ni ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tirélà tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá lé ní 750 kílò gbọ́dọ̀ ní bíréékì tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, bíréékì mọ́tò máa ń le gan-an. Nítorí náà, A-frame gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa bá a tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò tó ju 1,000 kílò lọ, tí kò ní bíréékì, á máa ti ilé tí àwọn ọmọ yín jókòó sí láti ẹ̀yìn. Iná ẹ̀yìn, ohun onígun mẹ́ta pupa tó ń tàn, àti nọ́ńbà mọ́tò-ilé gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ má sì fi A-frame rìn sẹ́yìn lọ títí. Táyà iwájú á yí gba ibi tí kò yẹ. Ẹ tú u ná.

Láísẹ́nsì ńkọ́? Láti 16 Oṣù Kejìlá 2021, ẹni tó ní láísẹ́nsì mọ́tò lásán lè fa tirélà tó tó 3,500 kílò. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò-ilé bá lé ní 3,500, C1 ló máa béèrè, tí tirélà bá sì lé ní 750, C1E ni. Ẹni tó ṣe ìdánwò mọ́tò kí 1997 tó wọlé sábà máa ń ní méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ wo ẹ̀yìn káàdì yín. Bí ẹ bá ń fa nǹkan, 60 máìlì ní wákàtí kan ni òpin ní mọ́tọ́wè, ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ ìlà ọ̀tún pátápátá níbi tí ìlà bá ti jẹ́ mẹ́ta.

Fún àwa ará Barking àti Dagenham, ULEZ ti dé ọ̀dọ̀ wa láti 29 Oṣù Kẹjọ 2023. Jimny àtijọ́ lè jẹ́ ọjà pọ́ọ́kú, kó wá máa gba £12.50 lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń wà á. Ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí ìkànnì TfL, kí ẹ sì yẹ ti mọ́tò-ilé náà wò. Èyí tó bá lé ní 3,500 kílò, LEZ ni tirẹ̀, owó ìyẹn sì ga jù. Bí Spain bá wà nínú ètò yín, orí tirélà ni kí mọ́tò wà, wọn ò gba A-frame níbẹ̀.

Èrò tèmi rèé. Tọkọtaya tó fẹ́ràn òkè, Jimny. Ìdílé tó ní ọmọ, Panda tàbí Ignis, bí ìwọ̀n bá gbà. Bí owó bá kéré, ẹ ra mọ́tò tó ti pẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi ìyókù ra bíréékì tó dára, kí ẹ sì sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò yín pé ẹ fẹ́ máa fà á. Ẹ kọ ìwọ̀n mọ́tò-ilé yín sísàlẹ̀, ká jọ ṣírò ẹ̀. Ó dàbọ̀ o, ọ̀nà á là.