Gervinho: Atamátàsé tó kọ̀yìn sí pẹnáritì lọ́jọ́ tí Ivory Coast gba ife Áfíríkà

Ní alẹ́ ọjọ́ 8, oṣù Kejì, ọdún 2015, nígbà tí gbogbo èrò tó wà ní pápá ìṣeré Bata, ní Equatorial Guinea, tẹjú mọ́ ojú góòlù kan ṣoṣo, ọkùnrin kan jókòó sórí àga, ó sì kọ̀yìn sí ohun gbogbo tó ń ṣẹlẹ̀.

Gervinho ni. Ivory Coast àti Ghana ti gbá bọ́ọ̀lù fún 120 ìṣẹ́jú láì rí àwọ̀n ara wọn. Pẹnáritì ni wọ́n wá fẹ́ fi yanjú àṣekágbá ìdíje AFCON.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi àwòrán rẹ̀ lórí àga yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kò ní rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Láti Anyama dé Riviera

Gervais Yao Kouassi ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987 ni wọ́n bí i ní Anyama, ìlú kan tó wà ní apá àríwá Abidjan.

Àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn tó ń gbé Abidjan mọ Riviera: àdúgbò àwọn tó rí já jẹ, ní ìhà Cocody, tó lọ kan ọ̀sà Ébrié. Ní M'Pouto, ní Riviera yìí kan náà, ni Sol Béni wà, ibùdó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ASEC Mimosas. Ibẹ̀ ni ọmọ Anyama náà ti kọ́ṣẹ́.

Jean-Marc Guillou, ọmọ Faransé tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀èdè rẹ̀ rí, ló dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ ní 1993 pẹ̀lú Roger Ouégnin, ààrẹ ASEC. Inú ọgbà náà ni àwọn ọmọ ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì lè máa ta bọ́ọ̀lù sókè léraléra láì jẹ́ kó kanlẹ̀ kò tíì tó bàtà wọ̀.

Ní oṣù Kejì, ọdún 1999 ni gbogbo Áfíríkà mọ ohun tó ń lọ ní Sol Béni. ASEC ti ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tó gba ife Champions League ilẹ̀ Áfíríkà fún wọn ní 1998. Ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn jáde láti kojú Espérance ti ìlú Tunis nínú ìdíje Super Cup. Àwọn ọmọ náà na Espérance ní 3-1 lẹ́yìn àfikún àkókò. Ìran Kolo Touré, Didier Zokora àti Aruna Dindane nìyẹn.

Ẹ̀yìn wọn ni Gervais dé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó jẹ́ ọmọ Brazil ló sọ ọ́ di Gervinho, bí wọ́n ṣe máa ń fi "inho" kún orúkọ níbẹ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí di òní.

Beveren, Lille, Arsenal

Guillou tún ní ọwọ́ nínú ẹgbẹ́ Beveren ní orílẹ̀èdè Belgium. Àwọn ọmọ Abidjan tó kó lọ síbẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà mìíràn, díẹ̀ ló kù kí gbogbo mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jẹ́ ọmọ Ivory Coast. Yaya Touré àti Emmanuel Eboué gba ibẹ̀ kọjá. Ní 2005, ó kan Gervinho.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé àánú ni wọ́n fi ṣe. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Òwò ni: ọmọ tí wọ́n kọ́ dàgbà, títà ni wọ́n máa tà á níkẹyìn. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún ọmọ Anyama pé kó má lọ?

Ó lọ sí Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 2007, ó sì dé Lille ní 2009, níbi tí Rudi Garcia ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní sáà 2010 sí 2011, òun, Eden Hazard àti Moussa Sow ló ń da ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ mìíràn rú. Gervinho gbá góòlù 15 sáwọ̀n nínú líìgì, Lille sì gba líìgì àti Coupe de France pọ̀.

Arsenal rà á ní 2011. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì rẹ̀ àkọ́kọ́, ní Newcastle, ó gba káàdì pupa lẹ́yìn tí òun àti Joey Barton kọlu ara wọn. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2012, ó tún wà níwájú góòlù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lòdì sí Bradford City, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kẹrin. Bọ́ọ̀lù náà kò wọlé, Bradford ló sì borí nínú pẹnáritì.

Bí Gervinho ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó lè sáré kọjá èèyàn mẹ́rin ni yóò tún pàdánù èyí tí ọmọdé lè gbá wọlé.

Libreville, 2012

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ Bradford tó ṣẹlẹ̀, Libreville ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2012, Ivory Coast dé àṣekágbá AFCON ní Gabon láì jẹ góòlù kankan nínú gbogbo ìdíje náà. Zambia ni wọ́n kojú. Gervinho ni wọ́n gbé ṣubú tí wọ́n fi rí pẹnáritì kan gbà kí 90 ìṣẹ́jú tó pé. Didier Drogba gbá a, ó fò kọjá lókè.

Ó wá di pẹnáritì àṣemọ̀. Wọ́n dé 7-7. Kolo Touré gbá tirẹ̀, wọn mú un. Rainford Kalaba ti Zambia náà pàdánù. Ó kan Gervinho, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò wọlé. Stoppila Sunzu gbá tirẹ̀ wọlé, Zambia sì gba ife.

Ọmọ Sol Béni ni Kolo, ọmọ Sol Béni ni Gervinho. Hervé Renard ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Zambia lọ́jọ́ náà. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Àga tó wà ní Bata

Ní 2015, Renard yìí kan náà ló ń darí Ivory Coast.

Gervinho tún fi wàhálà bẹ̀rẹ̀: ó gbá agbábọ́ọ̀lù Guinea kan létí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ó gba káàdì pupa, wọ́n sì ní kó lọ sinmi fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì. Nígbà tó padà dé, ó gbá góòlù kan sáwọ̀n Algeria, ó tún gbá òmíràn sáwọ̀n DR Congo.

Nígbà tí àfikún àkókò ń parí lọ nínú àṣekágbá, Renard yọ ọ́, ó sì fi Junior Tallo rọ́pò rẹ̀. Wilfried Bony pàdánù pẹnáritì àkọ́kọ́. Tallo pàdánù ìkejì.

Ẹ wo ọkùnrin tó wà lórí àga yẹn. Kò sí ohun tó lè ṣe mọ́, kò sì fẹ́ rí i.

Ghana náà pàdánù méjì. Wọ́n ń gbá a lọ títí ó fi kan àwọn aṣọ́lé. Boubacar Barry mú ti Razak Brimah, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó gbá tirẹ̀ wọlé: 9-8. Ife àkọ́kọ́ fún Ivory Coast láti 1992 nìyẹn, tó jẹ́ pé Ghana náà ni wọ́n fi pẹnáritì borí lọ́dún yẹn.

Roma ni Gervinho ń gbá bọ́ọ̀lù fún lákòókò yẹn. Garcia ló pè é síbẹ̀ ní 2013. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Hebei ní Ṣáínà, Parma, Trabzonspor ní Tọ́kì, àti Aris ní Gíríìsì. Ní Parma, ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, ó gbé bọ́ọ̀lù láti ìdajì pápá tiwọn, ó sáré kọjá àwọn ará Cagliari, ó sì gbá a sáwọ̀n. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà náà.

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà ò ní gbàgbé ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024, tí Ivory Coast na Super Eagles ní 2-1 ní pápá ìṣeré Ebimpé, tí Sébastien Haller sì gbá góòlù tó gba ife náà. Abidjan ni gbogbo wa ń pe ibẹ̀. Anyama ni pápá náà wà, ìlú tí wọ́n bí Gervinho sí.