Wọ́n Fọ́ọ̀mátì Kọ̀ǹpútà Tán, Sídíì Kọ̀, Kò Ṣí

Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń lọ́ra, tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, ìmọ̀ràn tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníṣẹ́ ni pé ká fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ká gbé Windows mìíràn sí i. Ẹni tó ni ín á kó fáìlì rẹ̀ sórí sídíì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Wọ́n á ṣe tán, á ti sídíì bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí kó bi í bóyá kí òun fọ́ọ̀mátì sídíì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbà fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì yín ṣì wà lórí rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń kà á ni kò sí mọ́.

Ohun tó wà lórí àwọn sídíì wa ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ọdún 1982 ni sídíì kọ́kọ́ dé ọjà, ní Jàpáànù. Ọdún yẹn gan-an ni Ọba Gabriel Adékúnlé Arómọláràn gorí ìtẹ́ Ọwá Obòkun ní Iléṣà. Kí ọba náà tó wàjà ní 2024, àwọn onífídíò láti Iléṣà dé Òṣogbo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọdún Ìwúde, ọdún Ọ̀ṣun, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà sórí sídíì àti DVD fún àwọn oníbàárà wọn. Àwọn tí kò ní ẹ̀dà kejì nínú wọn ni mò ń rò.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe kó fáìlì náà sórí sídíì. Láyé Windows XP, Nero máa ń wá pẹ̀lú InCD, tó jẹ́ kéèyàn lè máa fa fáìlì sórí sídíì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa pa á rẹ́, kó máa fi kún un. Ètò tí wọ́n ń pè ní UDF ló fi ń tò wọ́n. Nígbà tí wọ́n fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà, InCD bá Windows àtijọ́ lọ. XP fúnra rẹ̀ kò lè ka ẹ̀yà UDF tó jẹ́ 2.50 rárá, láti Vista ló ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ gbé sídíì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí Windows rẹ̀ jẹ́ tuntun sí i, tàbí kí ẹ wá sọ́fítíwià tó kọ ọ́ padà. Bó bá jẹ́ sídíì tí wọn ò tì pa lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ ni, ẹ̀rọ tó kọ ọ́ gan-an ni kí ẹ dá a padà sí, nítorí ẹ̀rọ mìíràn lè máa rí i bí òfìfo. IsoBuster náà máa ń rí inú irú sídíì méjèèjì yìí.

Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo lẹ bá níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .bkf, NTBackup ti XP ló dì í. Láti Vista wá, NTBackup kò sí nínú Windows mọ́, ṣùgbọ́n àwọn sọ́fítíwià mìíràn ń tú u. Ibi tó le jù ni fáìlì tí wọ́n fi EFS ti Windows tì, nítorí NTBackup máa ń dì í tòun ti títì tó wà lára rẹ̀. Inú Windows àtijọ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí ẹ kò bá kó kọ́kọ́rọ́ náà síta kí wọ́n tó fọ́ọ̀mátì, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á ṣí i.

Ẹ yẹ hard disk kọ̀ǹpútà náà wò pẹ̀lú. Bí oníṣẹ́ kò bá nù ún kó tó gbé Windows tuntun sí i, fóldà kan lè wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Windows.old, ibẹ̀ ni fáìlì àtijọ́ máa ń wà. Windows 10 máa ń pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ tètè wò ó.

Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ara sídíì gan-an ni kò dá. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Lára sídíì tí à ń kọ nílé, aró kan ló wà tí iná lésà ń sun láti fi kọ nǹkan, lábẹ́ ojú tí à ń fi báírò kọ orúkọ sí sì ni aró náà wà. Èyí ló fi jẹ́ pé àpá ìhà òkè léwu ju ti ìsàlẹ̀ lọ: bí òkè bá bó, fáìlì bá a lọ nìyẹn. Ti DVD sàn díẹ̀, àárín ike méjì ni tirẹ̀ wà. Aró yìí kò fẹ́ oòrùn rárá. Ìsàlẹ̀ tó ní àpá kò tíì pa nǹkan kan, nítorí ọgbọ́n ìṣirò tí Reed àti Solomon gbé jáde ní 1960 wà lára sídíì, ó lè dí àlàfo tó tó nǹkan bíi mìlímítà 2.5. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún, láti àárín lọ sétí. Ẹ má nù ún yípo, nítorí yíyípo náà ni wọ́n ṣe kọ fáìlì sórí rẹ̀: àpá tó bá tọ ojú ọ̀nà yẹn á jẹ ibi gígùn kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò kò ní lè dí i. Ẹ gbìyànjú ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú; eruku ọyẹ́ lè ti bo ojú ti àkọ́kọ́.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ má máa da fáìlì kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Windows á jókòó ti ibi tó bàjẹ́ títí tá á fi sú u, á sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Linux ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ GNU ddrescue, bí Òṣómàáló tó mọ iṣẹ́ ló ṣe ń gba gbèsè: á kọ́kọ́ yí gbogbo àdúgbò ká, á gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń san wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀yìn náà ni yóò wá lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà olórí kunkun. Àṣẹ rẹ̀ nìyí:

ddrescue -n -b2048 /dev/sr0 iwude.iso iwude.map
ddrescue -d -r3 -b2048 /dev/sr0 iwude.iso iwude.map

Ti àkọ́kọ́ ń kó ibi tó rọrùn, ti kejì ń padà sí ibi tó kù, ó ń gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Inú iwude.map ló ń kọ ibi tó dé sí. Bí iná bá lọ, ẹ kàn tún pa àṣẹ náà nígbà tó bá dé, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún lè mú iwude.iso àti iwude.map lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ̀rọ tibẹ̀ ka ohun tí ti àkọ́kọ́ kò rí kà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí iwude.iso, ẹ kó fáìlì jáde. Bí orúkọ fáìlì bá ti sọnù, PhotoRec á wá fọ́tò àti fídíò jáde nípa bí orí wọn ṣe rí, àmọ́ yóò fún wọn lórúkọ mìíràn.

Bó bá sì jẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni, ẹ wá ẹ̀dà tí onífídíò fún àwọn àna yín. Bó bá jẹ́ pé láti orí ohun kan náà ló ti kọ sídíì méjèèjì, ó ṣòro kí wọ́n bàjẹ́ lójú kan náà. Ẹ ti ẹ̀dà tiwọn bọ ẹ̀rọ, ẹ pa àṣẹ kejì yẹn pẹ̀lú iwude.iso àti iwude.map kan náà, ddrescue á mú ohun tí tiyín kò ní lára tiwọn.