Ojúlé Gíráàfù Nínú Fèrèsé Kan Ṣoṣo

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ń jẹ́ subplot nínú MATLAB àti Matplotlib mu rẹ́gí. Àṣẹ náà ni ó máa ń jẹ́ kí gíráàfù púpọ̀ jókòó sínú fèrèsé kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá kánjú lè túmọ̀ rẹ̀ sí "gíráàfù kékeré". Ìtumọ̀ yìí kò tọ̀nà, nítorí pé àṣẹ náà fúnra rẹ̀ kì í ya iye kankan. Ààyè ni ó ń pèsè sílẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, nínú subplot(2, 2, 3), 2 àkọ́kọ́ ni iye ẹsẹ̀ tí ó lọ ní ìbú, 2 kejì ni iye òpó tí ó dúró ní òró, 3 sì ni nọ́ńbà ààyè. Láti òsì sí ọ̀tún ni kíkà, ẹsẹ̀ òkè ni ó sì ń ṣáájú. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ààyè kẹta wà. Bí a ti ń fún ilé ní nọ́ńbà ní òpópónà gan-an nìyí. "Ojúlé" ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́: bí ojúlé tilẹ̀ ṣófo, ojúlé náà ni.

Àǹfààní ètò yìí hàn nínú iṣẹ́ Francis Anscombe, onímọ̀ ìṣirò tí ó tẹ ẹgbẹ́ iye mẹ́rin jáde ní ọdún 1973. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì 11. Àròpín x jẹ́ 9 nínú gbogbo wọn, ti y súnmọ́ 7.50, ìlà tí ó sì bá wọn mu jù lọ kò yàtọ̀ sí y = 3 + 0.5x. Ẹni tí ó bá wo ìṣirò nìkan yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ ojúlé mẹ́rin, àṣírí tú. Ti àkọ́kọ́ fọ́n ká sí ìtòsí ìlà; ti èkejì tẹ̀ bí ọrun; ti ẹ̀kẹta tò lọ tààrà, àfi ẹyọ kan tí ó ta yọ sókè; nínú ẹ̀kẹrin, àmì mẹ́wàá dúró lórí x = 8, ọ̀kan ṣoṣo sì dá wà ní 19. Ọ̀kan yẹn nìkan ni ó pinnu ibi tí ìlà yóò kọjú sí.

Síbẹ̀, ewu kan wà. Nínú Matplotlib, bí kò bá sí àṣẹ mìíràn, ojúlé kọ̀ọ̀kan ni yóò yan ìwọ̀n tirẹ̀. Ìbú àkọ́kọ́ yóò gba 4 dé 14, ti ẹ̀kẹrin yóò gba 8 dé 19, ìlà kan náà yóò sì dà bí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú. sharex=True àti sharey=True, tí a ń fi sínú àṣẹ subplots, ni àtúnṣe rẹ̀. "Ìwọ̀n àjùmọ̀lò" ni ó yẹ kí a pè é.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní "gíráàfù kékeré" yóò máa wá kíkéré. Èyí tí a bá kọ́ ní "ojúlé" yóò béèrè pé ojúlé kelòó ni, ta ni aládùúgbò rẹ̀, ǹjẹ́ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò? Ìbéèrè wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí àwòrán tan ojú jẹ.