Èéfín Kánádà Lójú Ẹni Tó Mọ Ọyẹ́

Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ Yorùbá nígbà ọyẹ́ ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè gbé ilẹ̀ onílẹ̀ wá bá ni nínú yàrá. Eruku tó ń bà lé àga àti àwo wa láti oṣù kọkànlá kì í ṣe ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá ìgbàanì ti gbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di lẹ́búlẹ́bú. Atẹ́gùn gbígbẹ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń rù ú bọ̀. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á sán, bàálù á sì máa dúró de ìgbà tí ojú ọ̀run yóò là.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká lọ sí New York ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 2023. Lọ́sàn-án gangan, ojú ọ̀run pọ́n rúsúrúsú, ọkọ̀ ń tan iná rìn. Wọ́n dá àwọn bàálù tó ń lọ sí LaGuardia dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sún eré bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù Yankees síwájú, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ má ṣeré níta. Bẹ́ẹ̀, kò sí igbó tó ń jó ní New York. Quebec ni igbó ti ń jó, lókè lọ́hùn-ún ní Kánádà.

Ilẹ̀ ti gbẹ níbẹ̀ kí oṣù náà tó wọlé. Ní ọjọ́ kìíní rẹ̀, mànàmáná kọ jákèjádò Quebec, iná tó sì dá sílẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Iná nìkan kọ́ ló mú èéfín dé New York ṣá o. Ìjì ńlá kan dúró sójú kan nítòsí Nova Scotia àti Maine, kò kúrò fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ìhà àríwá ayé, òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà yí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ká. Nítorí náà, ní ìwọ̀-oòrùn ìjì náà, afẹ́fẹ́ ń ti àríwá bọ̀ wá sí gúúsù, ó sì ń da èéfín Quebec sórí New York, Philadelphia àti Washington. Kí oṣù náà tó parí, atẹ́gùn mìíràn ti gbé èéfín Kánádà sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé ilẹ̀ Yúróòpù.

Ibi tí ọyẹ́ ti lè ṣi ẹni lọ́nà wà o. A mọ̀ bí a ti ń fi òrí para nígbà ọyẹ́, a mọ̀ bí a ti ń fi ìdikù bomú. Imú ẹni gan-an ń gba èyí tó nípọn nínú eruku dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù nínú èéfín igbó kéré ju máíkírómítà 2.5 lọ, irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ogún, ó tún lé. Ó ń gba inú aṣọ kọjá, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, ó sì lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà afẹ́fẹ́ kan níbùú-lóòró àti lókè láàárín ọjọ́ kan. Lórí òṣùwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò, èyí tó ti òdo dé 500, ohun tó bá kọjá 300 léwu fún gbogbo ènìyàn. New York kọjá 400 lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹ̀yin ara wa tó wà ní Brooklyn tàbí Toronto, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ sémìísémìí, ẹ fi ìdikù sílẹ̀. Ẹ ti fèrèsé, ẹ wo òṣùwọ̀n náà láàárọ̀, ẹ sì lo ìbomú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa.

Iná náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí màjàlà rẹ̀ ń fò wọ abúlé nígbà tí àgbẹ̀ bá sun oko. Igi Kánádà kún fún oje, iná ń ti orí igi kan fò sí òmíràn. Níbòmíràn, ewé àti koríko ti jẹrà lé ara wọn láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá. Iná ń wọ abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń rú èéfín lọ́sàn-án lóru, ó lè wà láàyè lábẹ́ yìnyín jálẹ̀ ìgbà òtútù, kó tún yọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 hẹ́kítà ló jó lọ́dún 2023. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 lọ. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ní kí gbogbo ará Yellowknife, nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, fi ìlú sílẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa náà ń sun igbó láti Ṣakí dé Benin, èéfín rẹ̀ sì ń dà pọ̀ mọ́ eruku Chad, ti pàǹtírí àti jẹnẹrétọ̀ tún ń kún un. Ọyẹ́ la ń pe gbogbo rẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rọ ló lè yà wọ́n. Ó wù mí kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, kí wọ́n sì máa ka ohun tó bá sọ lórí rédíò láràárọ̀, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mí fín-ín-fín mọ ọjọ́ tó yẹ kó fi í sílé.