Kòtò Ẹ̀yìn Òṣùpá

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ láti Kútọnu, àwọn òkè àpáta rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Wọ́n dá dúró gedegbe lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, débi tí èèyàn fi lè rò pé ojú ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́. Rárá o. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wá: àpáta tó yọ́ ló dì síbẹ̀, kí òjò tó fi àìmọye ọdún wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Ohun tó bá já láti ojú ọ̀run kì í kó òkè jọ, kòtò ló ń gbẹ́.

Irú kòtò bẹ́ẹ̀ wà ní Gánà, nítòsí Kumasi: adágún Bosumtwi. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, òkúta kan já lu ibẹ̀, ó gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó kìlómítà 10.5. Àpáta ibẹ̀ yọ́, ó di dígí dúdú, ó sì fò dé Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ṣa á.

Eré òkúta náà ló ń ṣiṣẹ́ yìí ju títóbi rẹ̀ lọ. Ohun tó ń sáré ju kìlómítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ráyè rì wọlẹ̀. Agbára eré náà á di ooru lójijì, òkúta fúnra rẹ̀ á fọ́, á yọ́, ilẹ̀ á bú gbàù. Ìbúgbàù ló ń gbẹ́ kòtò, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rí róbótó, bí òkúta ọ̀hún tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá. Bí kòtò bá tóbi, àárín rẹ̀ á ta padà sókè, bí omi ṣe ń ta sókè tí a bá sọ òkúta sódò. Òkè bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ Bosumtwi, ẹrẹ̀ ló bò ó.

Ti òṣùpá wá ńkọ́? Ojú kan ṣoṣo ló máa ń kọ sí wa, nítorí iye ọjọ́ tó fi ń yí ayé po, bíi 27, náà ló fi ń yí ara rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ẹ̀rọ Luna 3 ti Sófíẹ̀tì ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, lọmọ aráyé tó rí i. Ẹ̀yìn yẹn ni kòtò South Pole-Aitken wà. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,500, bí ìlọ́po mẹ́wàá ọ̀nà ọkọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu.

Ayé náà jẹ irú ìyà yìí, kò sì lè kéré sí ti òṣùpá, torí ó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òjò tó bó òkè Ṣábẹ̀ẹ́ síta náà ló ń pa àpá ayé rẹ́. Vredefort ní South Africa, tó tóbi jù nínú èyí tí a mọ̀ láyé, ti jẹ débi pé ìdí rẹ̀ ló kù. Òṣùpá kò ní òjò, kò ní ẹ̀fúùfù.

Lọ́dún 2024, ẹ̀rọ Chang'e 6 ti Ṣáínà bu erùpẹ̀ nínú kòtò South Pole-Aitken, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì, ó gbé e wá sílé ayé. Rédíò kò lè gba inú òṣùpá kọjá, nítorí náà sátẹ́láìtì mìíràn ló ń bá a gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé e bọ̀. Wọ́n rí òkúta tí ìbúgbàù tó gbẹ́ kòtò náà yọ́ nínú erùpẹ̀ ọ̀hún. Irú òjé tó wà nínú rẹ̀, èyí tí yùréníọ́mù ń yí dà díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀: nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.25.