Ilẹ̀ Là Ń Bọ́, Igi Kọ́

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé: kí ni kéèyàn wọ́n sí igi máńgòrò tó ń gbẹ, sí koríko iwájú ilé tó ń kú lójú kan lójú kan, sí fúláwà tí kòkòrò ń jẹ? Orúkọ oògùn tí wọ́n máa lọ rà ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọgbà tí mo mọ̀ ní Kétu yìí, igi kọ́ ni nǹkan ń ṣe ní tòótọ́. Ilẹ̀ tó dúró lé ni ebi ń pa. Bí a bá bọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ á bọ́ igi.

Oúnjẹ igi

Nínú igbó, ta ló ń bu ajílẹ̀ sídìí ìrókò? Kò sẹ́ni. Ewé á rẹ̀ dànù, ekòló, ikán, olú àti àwọn ohun abẹ̀mí tójú lásán ò lè rí á jẹ ẹ́ di ilẹ̀dú, gbòǹgbò á sì tún fà á padà sókè. Àyípoyípo yìí là ń já nígbà tí a bá gbá gbogbo ewé abẹ́ igi jọ láàárọ̀, tí a sì ṣáná sí i. Náítírójìn inú ewé á bá èéfín lọ. Eérú tó kù, òjò ńlá kan ti tó láti gbá a lọ sínú gọ́tà. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ilẹ̀ á le, omi ò ní rọ́nà wọlé, ekòló á sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdí ààtàn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ti máa ń ṣe dáadáa jù lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ohun tí òwe náà ò fi kún un ni pé ààtàn máa ń san gbèsè rẹ̀ padà.

Ajílẹ̀ inú àpò ńkọ́, irú NPK? Mi ò ní purọ́, ó máa ń yára mú ewé tutù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò ní ilẹ̀dú kò lè dì í mú, pàápàá ilẹ̀ oníyanrìn. Òjò wa yìí á fọ̀ ọ́ lọ. Tó bá sì pọ̀ jù, iyọ̀ inú rẹ̀ á fa omi kúrò lára gbòǹgbò, ewé á wá jó létí bíi pé iná rà á. Ilẹ̀dú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń di omi mú, ó ń di oúnjẹ mú, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń fún igi.

Ọrọ̀ tó ń jẹrà ní Mile 12

Àwa ará Kétu ò yẹ kó ṣaláìní ohun tí a ó fi bọ́ ilẹ̀. Tòmátò, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ń wọ Mile 12 lójoojúmọ́. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ kún ọjà èso wa. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú wọn, ibi ìdalẹ̀nù ni púpọ̀ rẹ̀ ń lọ. Olúsósun tó wà ní Ojota lẹ́bàá wa níbí, 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ síbẹ̀, ó sì tó éékà 100. Oúnjẹ tó bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé máa ń mú gáàsì mẹ́tẹ́ènì jáde, gáàsì tó ń gbaná. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí nígbà tí ibẹ̀ gbaná ní oṣù Kẹta 2018 ò tíì gbàgbé èéfín yẹn. Tí afẹ́fẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ oúnjẹ kan náà, ilẹ̀dú ló máa dà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá igun kan tí omi kì í dúró sí. Oríṣi nǹkan méjì lẹ máa kó jọ: tútù àti gbígbẹ. Tútù ni èèpo èso, tòmátò tó rà, koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìgbẹ́ adìẹ. Gbígbẹ ni ewé gbígbẹ, háríhá àgbàdo, lẹ́búlẹ́bú pákó, páálí tí a fà ya. Bí ẹ bá da garawa tútù kan, ẹ da gbígbẹ méjì sí mẹ́ta lé e. Ìdí ni pé àwọn ohun abẹ̀mí tó ń ṣiṣẹ́ náà fẹ́ kábọ́ọ̀nù bíi 25 sí 30 fún náítírójìn kan. Inú gbígbẹ ni kábọ́ọ̀nù pọ̀ sí, náítírójìn sì pọ̀ nínú tútù.

Ẹ jẹ́ kí òkìtì náà ga tó mítà kan, kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó lè mú ooru. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú rẹ̀ lè gbóná dé 55 sí 65 ní òṣùwọ̀n Celsius. Ọwọ́ ò ní lè pẹ́ níbẹ̀. Ooru yẹn ló ń pa èso èpò àti kòkòrò àrùn. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó tutù bíi kànìnkànìn tí a fún omi rẹ̀ dànù. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn, tòmátò Mile 12 ló sì sábà máa ń fà á: ẹ fi gbígbẹ kún un, kẹ́ ẹ tún un yí. Ẹ fi tapólì bò ó nígbà òjò. Ẹ má da ẹran, ẹja tàbí ọbẹ̀ sí i, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa bọ́ èkúté. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Bí a ṣe ń lò ó

Fún igi: ẹ má kó o jọ sí ara ìtì rẹ̀. Àwọn gbòǹgbò tó ń jẹun kò jìn nílẹ̀, wọ́n sì tàn kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé. Ẹ tẹ́ ẹ káàkiri abẹ́ òjìji náà, kẹ́ ẹ wá fi ewé gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 bò ó. Ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀ nídìí ìtì, kí èèpo rẹ̀ má bàa jẹrà. Bí sìmẹ́ǹtì bá ti ká igi mọ́ títí dé ọrùn, ẹ fọ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí gbòǹgbò náà ń mí. Ẹfun tí a ń kùn sídìí igi lọ́dún Kérésì dára lójú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ má sì bẹ́ igi lórí nítorí ìbẹ̀rù ìjì: àwọn ẹ̀ka tó bá hù lójú ibi tí a bẹ́ kì í di ara wọn mú dáadáa, àwọn gan-an ni ìjì ọjọ́ iwájú máa kọ́kọ́ ṣẹ́.

Fún koríko: ẹ jọ ilẹ̀dú náà, kẹ́ ẹ wọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gé e, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi èyí tẹ́ ẹ gé sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó wọlẹ̀ dáadáa láàárọ̀ kùtù, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, sàn ju ìwọ́nwọ́n ojoojúmọ́ lọ.

Fún fúláwà: ẹ wo ixora tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Tí ewé rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè ṣùgbọ́n tí iṣan ewé ṣì tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sìmẹ́ǹtì ló fà á. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì ń yọ́ sínú ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn náà ò wá lè rí irin fà mọ́, bí irin tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kó àfọ́kù kọnkéré kúrò nídìí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ilẹ̀dú àti ewé gbígbẹ bọ́ ọ.

Kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ dà bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e dé láti Éṣíà, ó bo igi máńgòrò ní Gánà, Tógò àti ilẹ̀ Benin níbi tí Kétu àgbà wà, ó sì wọ Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ ni Rastrococcus invadens. Ó ń fa omi ara ewé, omi dídùn tó ń yà sílẹ̀ á mú kí ewé dúdú bíi pé wọ́n fi èédú pa á. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi òjìji ilé wọn.

Oògùn kọ́ ló gbà wọ́n. Àwọn onímọ̀ lọ sí Íńdíà níbi tí kòkòrò náà ti ní ọ̀tá, wọ́n mú agbọ́n kíntínkíntín kan wá, Gyranusoidea tebygi. Inú kòkòrò yẹn ni agbọ́n náà ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987, lẹ́yìn náà ní Benin. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 ṣírò pé èrè rẹ̀ ní Benin nìkan tó mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dún. Gbogbo owó tí iṣẹ́ náà ná wọn kò tó mílíọ̀nù 4.

Ẹ wá rò ó wò: ẹni tó bá fín dichlorvos sórí máńgòrò rẹ̀, agbọ́n tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń pa pọ̀ mọ́ ọn. Oògùn yẹn ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Kò dẹ̀ tún yẹ nítòsí kànga àti àwọn ọmọdé. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìsinsìnyí tí NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà, láti 2019 ni. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ fi omi tó le fọ àwọn kòkòrò náà dànù, kẹ́ ẹ fi omi ọṣẹ dúdú díẹ̀ wọ́n ibi tí wọ́n pọ̀ sí nírọ̀lẹ́, tàbí òróró èso dóńgóyárò tí a pò mọ́ omi ọṣẹ. Ẹ dènà èèrà lára ìtì, torí èèrà ló ń ṣọ́ àwọn kòkòrò yẹn nítorí omi dídùn wọn. Alángbá ńkọ́? Òṣìṣẹ́ yín lòun náà, ẹ fi í sílẹ̀ o jàre.

Ìdí tó fi yẹ ká yọ ara wa lẹ́nu

Láti 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dúró lọ́gbà wa lónìí ń fún wa ní òjìji lónìí. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn máa tó ọdún mẹ́wàá kó tó ṣe bíi tirẹ̀. Tí igi kan bá kú ní Kétu, èèyàn kì í sábà gbin òmíràn dípò rẹ̀, kọnkéré ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Omi òjò tí ilẹ̀ yẹn ń mu tẹ́lẹ̀ á wá gba ojú títì lọ sílé aládùúgbò. Igi ò lè dá odò Ògùn dúró nígbà tí omi bá kún dé Ajélógo, kò sẹ́ni tó sọ pé ó lè ṣe é. Àmọ́ omi tó bọ́ sí àgbàlá tiwa, ilẹ̀ tó rọ̀ lè gbà á.

Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Lọ́la, tẹ́ ẹ bá gbá ewé jọ tán, ẹ gbé ìṣáná yẹn padà sí kíṣìnnì. Ẹ kó ewé náà sí igun kan, ẹ da èèpo ọsàn lé e. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí mi bí ó bá ṣe rí.