Eré Họ́kì fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Bí a bá dárúkọ eré ìdárayá fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eré sísá àti fífò. Ṣùgbọ́n eré mìíràn wà tí a ń fi ọ̀pá títẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kékeré ṣe, tí ọkùnrin ń ṣe, tí obìnrin náà sì ń ṣe. Họ́kì ni orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń ṣe é àti ibi tí ó ti wá, kí a sì ronú sí ọ̀nà tí a lè gbà fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlú bí Ìjànìkín, kí ó má baà di ohun-ìní àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ nìkan.

Nínú họ́kì, ènìyàn 11 ni ó ń bẹ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Pápá rẹ̀ gùn ní mítà 91.4, ó sì fẹ̀ ní mítà 55. Ilé tí a ń gbá bọ́ọ̀lù sí fẹ̀ ní mítà 3.66, ó sì ga ní mítà 2.14. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan ni a fa ìlà kan sí tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí bọ́ọ̀lù bá ti òde ìlà yìí wọlé, tí ọ̀pá ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọlu ilé náà kò sì kàn án nínú ìlà, a kì í kà á. Bọ́ọ̀lù náà le. Ìwọ̀n rẹ̀ kò dín ní gíráàmù 156, kò sì ju 163 lọ. Ojú òsì ọ̀pá náà rí pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí róbótó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kàn án. Aṣọ́lé nìkan ni a yọ̀ǹda ẹsẹ̀ fún, nínú ìlà ilé tirẹ̀. Kò sí ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì nínú eré yìí. Ẹni tí ń lo òsì àti ẹni tí ń lo ọ̀tún, irú ọ̀pá kan náà ni wọ́n ń mú dání.

Eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Beni Hasan ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwòrán kan wà lára ògiri ibojì àtijọ́, tí a ti kùn ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn: àwọn méjì dojú kọ ara wọn pẹ̀lú ọ̀pá títẹ̀ lọ́wọ́, ohun róbótó kan sì wà láàárín wọn. Ní ilẹ̀ Etiópíà pẹ̀lú, eré ọ̀pá kan wà tí wọ́n ń pè ní genna, tí wọ́n máa ń ṣe ní àkókò Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n họ́kì òde òní, pẹ̀lú òfin rẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1886 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1908 ni ó kọ́kọ́ wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì. Àwọn ọmọ-ogun àti àwọn olùkọ́ ni ó gbé e lọ sí àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ilẹ̀ Íńdíà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì borí àwọn tí ó kọ́ ọ: láti ọdún 1928 títí di 1956, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà léra lera ni Íńdíà gba wúrà Òlíḿpíìkì.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti jẹ orúkọ nínú eré yìí. Ní ọdún 1980, nígbà tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ gbá họ́kì ní Òlíḿpíìkì, ní Mọsikò, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fà sẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. A ránṣẹ́ pe Zimbabwe, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù kẹrin ọdún náà, nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin náà lọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè borí wọn. Àwọn ni ó gba wúrà. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ kan nínú. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo àwọn tí ó wà nínú ikọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ wọn. Ibi tí a bá ti fi eré kọ́ ọmọ ni eré náà ń gbé. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni ó ní ọ̀pá àti olùkọ́, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ náà ni yóò ṣojú ìlú, bí ẹ̀bùn tilẹ̀ kún inú ilé àwọn yòókù.

Ohun kan tún wà tí ó mú eré yìí gbówó lórí. Orí koríko ni wọ́n ti ń gbá a tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1976, ní Montreal, Òlíḿpíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í lo pápá tí a fi ohun àtọwọ́dá tẹ́ bí kápẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù ń sáré lórí rẹ̀ ju ti orí koríko lọ, ṣùgbọ́n owó tabua ni a fi ń tẹ́ ẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bá ní òun yóò dúró de irú pápá bẹ́ẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dàgbà tán kí ọ̀pá tó kàn wọ́n lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ti là. Irú họ́kì kan wà tí ènìyàn 5 péré ń gbá ní ìhà kọ̀ọ̀kan lórí pápá kékeré. A lò ó nínú ìdíje Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Nanjing ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 2014. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, a ṣe ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Muscat ní ilẹ̀ Oman, ikọ̀ àwọn ọkùnrin Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó kópa. Irú eré yìí gan-an ni ó bá ọmọdé mu: pápá kò tóbi, ènìyàn kò pọ̀, bọ́ọ̀lù sì ń kan olúkúlùkù léraléra.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Ìjànìkín. Ìlú yìí wà ní ilẹ̀ àwọn Àwórì, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì títí dé Sẹ̀mẹ̀ ní ẹnubodè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ ti Èkó wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a fi orúkọ Adéníran Ògúnsànyà pè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Ìlú tí ó ní ilé tí a ti ń kọ́ olùkọ́ kò yẹ kí ó máa wá olùkọ́ eré kiri. Bí a bá kọ́ àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní họ́kì, tí wọ́n sì ń lọ fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọwọ́ méjèèjì yóò jùmọ̀ wẹ ara wọn: akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ iṣẹ́, ọmọdé yóò mọ eré.

Ilẹ̀ agbègbè náà jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn, bọ́ọ̀lù kì í sì í yí lórí iyanrìn. Nítorí náà, orí ilẹ̀ líle tí a gbá mọ́, tàbí orí sìmẹ́ǹtì, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì fúyẹ́, kò sì le. Òun ni ó yẹ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Ọ̀pá ọmọdé gbọ́dọ̀ kúrú níwọ̀n gíga rẹ̀. Bí ọ̀pá bá gùn jù, yóò máa kọ́ ọmọ lọ́wọ́. Káfíńtà ìlú lè fi igi fífúyẹ́ gbẹ́ irú rẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà ní ìpele. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ yóò kọ́ bí a ti ń di ọ̀pá mú: ọwọ́ òsì lókè, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ bí a ti ń dá bọ́ọ̀lù dúró, bí a ti ń fi ọ̀pá tì í sí ẹlòmíràn, àti bí a ti ń darí rẹ̀ lọ láìjẹ́ kí ó jìnnà sí ọ̀pá. Gbígbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú agbára ni ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣáájú ń kọ́ ọmọ ní ewu.

Àwọn òbí kan yóò wí pé, “Ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọdé, ìjà ni.” Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfo. Nítorí náà ni òfin fi wà: ọmọ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀pá sókè nítòsí ẹlòmíràn, bí fèrè bá dún, ọ̀pá gbogbo gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, bí bọ́ọ̀lù líle bá sì dé, ohun tí ń dáàbò bo ehín àti ojúgun gbọ́dọ̀ wà lára olúkúlùkù. Ọmọ tí ó mú ọ̀pá dání, tí inú sì bí i, síbẹ̀ tí ó gbọ́ fèrè, tí ó sọ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ti kọ́ ohun tí ó ju eré lọ. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni.

Bákan náà, kí a má ṣe yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, nítorí pé obìnrin ni ó kọ́kọ́ mú wúrà họ́kì ti Òlíḿpíìkì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Kí a má sì ṣe yọ ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá gbá; ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀bùn tirẹ̀ wà.

Àwọn àgbà ní láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ eré rí. Ìlú tí ó bá fẹ́ ní akọni ní ọ̀la, kí ó fi ọ̀pá kékeré lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ lónìí, kí ó sì wá olùkọ́ tí yóò dúró tì í.